Coker: Orúkọ Abúlé Gẹ̀ẹ́sì Lẹ́nu Yorùbá

Àwọn kan máa ń béèrè ìtumọ̀ Coker nínú èdè Yorùbá. Kò ní. Abúlé méjì tó ń jẹ́ East Coker àti West Coker wà ní Somerset, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni orúkọ ìdílé náà ti ṣẹ̀. Ní tiwa, ẹni tó tẹ abúlé dó ni abúlé sábà máa ń jẹ́ mọ́; ní tiwọn níhìn-ín, abúlé ló fún ènìyàn lórúkọ.

Sàró ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ará wa tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú gba orúkọ òyìnbó nígbà ìtẹ̀bọmi ní Freetown. Láti ọdún 1839 ni wọ́n ti ń padà wálé, tí wọ́n ń gbé orúkọ náà bọ̀ ní Bàdágìrì, Èkó àti Abẹ́òkúta.

Ẹ wo J. K. Coker (1866–1945), ọmọ Ẹ̀gbá tó gbin kòkó ní Ifákò lẹ́bàá Agége, tó sì wà lára àwọn aṣáájú ìjọ African Church tí a dá sílẹ̀ ní 1901. Àwọn alágbàṣe oko rẹ̀ tó ń padà sílé mú irúgbìn kòkó àti ìjọ náà lọ sí ìlú wọn.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún ọmọ tó ń jẹ́ Coker pé kì í ṣe Yorùbá. Àjèjì ni orúkọ náà nígbà tó dé. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó jẹ́ ẹ ló sọ ọ́ di ọmọ ilé.