Ìlà Aláwọ̀ Ewé, Ìlà Funfun

Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí níbí la wà lónìí, níbi tí ìlà kan péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò.

Ẹbí kan ló ní kí n bá àwọn tẹ orúkọ àwọn ọmọ wọn àti nọ́ńbà pulọ́ọ̀tì tó kan oníkálukú. Orúkọ lé ní ọgọ́ta, bébà funfun báláú. Bàbá kan fi ìka lé orúkọ wọn, wọ́n fà á lọ sápá ọ̀tún, ìka yẹ̀. Nọ́ńbà àbúrò wọn tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n kà jáde, ti àbúrò yìí sì wà létí títì. Inú wọn dùn gan-an! Nígbà tí àṣìṣe náà hàn, wọ́n ní a fẹ́ rẹ́ àwọn jẹ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1959, IBM gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 1403 jáde. Ó lè tẹ lẹ́tà 132 sórí ìlà kan. Ojú wo ló máa tọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ dópin láì ṣìnà? Bébà gígùn alákàápọ̀, tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ni wọ́n ń lò fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti kun ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kó tó wọnú ẹ̀rọ: ìlà mẹ́ta aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, mẹ́ta funfun, bẹ́ẹ̀ títí lọ. Greenbar lorúkọ rẹ̀.

PageMaker dé ní 1985. Ẹni tó bá fẹ́ irú àwọ̀ yìí níbẹ̀ á fọwọ́ ya àpótí sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ẹ fi orúkọ kan kún un, ọ̀rọ̀ á sún, àpótí ò ní sún. (Iṣẹ́ ìyà!) InDesign tó jáde ní 1999 ló wá ń fi àwọ̀ sí tábìlì fúnra rẹ̀ nígbà tó yá.

Lọ́dún 2008, Jessica Enders dán àwọ̀ yìí wò. Kò rí i pé ó mú kí àwọn èèyàn tètè rí ìdáhùn tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n ń wá nínú tábìlì yẹn.

Mo fi àwọ̀ eérú sí ìlà kan, mo fo ìkejì, mo tún un tẹ̀. Bàbá fìka tọ̀ ọ́, wọ́n dé ibi nọ́ńbà tiwọn gan-an. Wọ́n wo àbúrò wọn.

"Ta ló pín ilẹ̀ yìí ná?"