Ojú Nínú Ojúlé

Nígbà tí Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley gbé 4.2BSD jáde lọ́dún 1983, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí prógírámù méjì tó wà lórí kọ̀ǹpútà kan náà lè fi máa bára wọn sọ̀rọ̀, kí tibí sọ, kí tọ̀hún fèsì, láìjẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà gba orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá. Unix socket lorúkọ rẹ̀. Àwọn oníná ti gba sọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ wa lọ́wọ́, torí náà ojúlé ni mo ń pè é, ojúlé náà ni mo sì fẹ́ tú wò.

Ojú àti ilé ló di ojúlé. Fáwẹ́lì i ló yẹ̀ fún ú, ohùn àárín tó wà lórí rẹ̀ sì bá a lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, nítorí ohùn àárín kì í jà bíi ti ìsàlẹ̀. Lẹ́nu ará Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà, tí ilé ń jẹ́ ulé, ú ni yóò pàdé u. Ta ni yóò wá mọ èyí tó lọ nínú wọn? Ṣùgbọ́n ojú gan-an ni kí ẹ wò. Ẹnu ni ẹnu ọ̀nà, ibi tí à ń gbà wọlé. Ojú ni ti ojúbọ àti ojúde, ibi tí nǹkan ti kọjú sí ẹni tó ń bọ̀. Ìyẹn la ṣe ń sọ pé ojúlé kẹfà, iye ilẹ̀kùn yòówù kí ilé náà ní.

Ẹni tó bá kọ `socat UNIX-LISTEN:/tmp/ise.sock,fork EXEC:./dahun.sh` sínú script ti lajú ilé kan. `ls -l` yóò fi hàn, `srwxr-xr-x`, lẹ́tà s ló ṣáájú. Ó jọ fáìlì, ṣùgbọ́n `cat` kò lè ṣí i, nítorí ojú lásán ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Lórí Linux, ẹni tí kò bá sì ní w níbẹ̀ kò lè bá ará ilé sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá wá fi `kill -9` pa socat, ojúlé kò ní bá a kú. Ẹni tó bá pè é yóò gbọ́ "Connection refused". Socat tuntun tó bá fẹ́ gbé ibẹ̀ yóò gbọ́ "Address already in use". Onílé ti lọ, orúkọ ṣì gba àyè. Bí `kill -9` bá sì kan script fúnra rẹ̀, `trap` tí a fi sórí EXIT láti pa ojúlé rẹ́ kò ní gbọ́, àfi kí script kọ́kọ́ fi `rm -f` pa ojúlé àná rẹ́ kó tó ṣí ti òní.