Ọ̀gá Àkọ́kọ́: Ìtàn Awakọ̀ Akẹ́rù ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́



Bí a bá ka ohun tí àwọn òpìtàn ti kọ nípa ọkọ̀ akẹ́rù ní ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn ọlọ́kọ̀ ni a sábà máa ń bá pàdé: W. A. Dawodu ní Èkó, Sálámì Agbájé ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó wa ọkọ̀ náà kì í ní orúkọ nínú ìwé. Síbẹ̀, bí a bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ yìí sọ àwọn ọmọ wa dà, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé ó kéré: nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ọ̀dọ̀ ta ni ó ń lọ ṣiṣẹ́, kí sì ni ó ń wò kí ó tó lọ? Èrò tèmi ni pé iye owó iṣẹ́ kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ẹni tí yóò ru gbèsè nígbà tí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà.

Mo yan Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí pé rélùwéè kò gba ìlú méjèèjì yìí kọjá. Ọkọ̀ ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní 1901 gba ọ̀nà Ìwó àti Ẹdẹ dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba Ìkìrun àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Ìlú Aláàfin àti ìlú Ṣọ̀ún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí náà, títì ni ó gbà wọ́n. Ní nǹkan bí 1906 ni ìjọba Òyìnbó ṣí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ fún ọkọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọkọ̀ ìjọba ni ó sì kọ́kọ́ ń ná an kí ẹrù lè dé ibùdókọ̀ rélùwéè. Nígbà tí ó yá, ọ̀nà náà di òpó tí ó so Èkó mọ́ Kánò: Ìbàdàn, Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Jẹ́bà, títí dé òkè ọya. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ẹrù ìdajì orílẹ̀-èdè ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà “ọkọ̀” ti wà ní èdè wa kí mọ́tò tó dé. Ọkọ̀ ojú omi ni, ẹni tí ó bá sì ń fi àjẹ̀ gbá omi ni ó ń wà á. Nígbà tí irin tí ń sáré lórí ilẹ̀ dé, a kò wá ọ̀rọ̀ tuntun fún ẹni tí ń darí rẹ̀. A ní awakọ̀ ni. Ẹ̀rí kékeré ni èyí jẹ́ pé àwọn bàbá wa kò ka iṣẹ́ náà sí iṣẹ́ tí ó ṣàjèjì pátápátá. Ògún tí ó ni irin ni ó tún di aláàbò wọn.

Ọ̀nà tí ènìyàn fi ń di awakọ̀ gùn. Ọmọ ọkọ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́ fún ọdún mélòó kan: yóò máa fọ ọkọ̀, yóò máa di ẹrù, yóò máa gbé igi ìdènà sá tẹ̀lé ọkọ̀ nígbà tí ó bá ń gun òkè, kí ó lè fi há táyà bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀gá rẹ̀ yóò jẹ́ kí ó jókòó síwájú, tí yóò sì di ẹni tí òṣìṣẹ́ ìjọba dán wò kí ó tó gba ìwé. Kì í ṣe gbogbo ìwé ni a fi ìdánwò gbà: ẹni tí ó bá ti ka eré Wọlé Ṣóyínká tí a ń pè ní The Road, tí ó jáde ní 1965, mọ̀ pé ayédèrú ìwé ìwakọ̀ wà lára ọ̀ràn inú rẹ̀.

Ìwé wá dé ọwọ́ rẹ̀. Níbo ni yóò lọ?

Àwọn ilé-iṣẹ́ Òyìnbó, bí U.A.C. àti John Holt, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́. Wọ́n ń san owó oṣù, wọ́n ní mẹkáníìkì tiwọn, òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tí ìjọba ṣe ní 1941, sì lè mú wọn. Ṣùgbọ́n ààyè ibẹ̀ kò pọ̀, Èkó àti Ìbàdàn ni ó pọ̀ jù sí, wọ́n sì ń béèrè onídùúró tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ láti Ọ̀yọ́ kò rí irú onídùúró bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ará ìlú rẹ̀ ti jẹ́ oníṣòwò ọ̀nà jíjìn láti ìgbà pípẹ́, wọ́n wà káàkiri òkè ọya, wọ́n sì wà ní àríwá Gánà títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọjọ́ 14. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá oníṣòwò lè rí ẹni tí yóò dúró fún un, ó sì lè rí ẹrù gbé.

Ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ jù wọn já sí. Ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ wà. Ọlọ́kọ̀ bẹ́ẹ̀ kò fi owó kàlẹ̀ ra ọkọ̀. Ó san díẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ọkọ̀, ìyókù ni yóò máa san lóṣooṣù, bí kò bá sì san án, wọn yóò gba ọkọ̀ wọn. Òun náà yóò wá dá iye kan fún awakọ̀ láti máa jíṣẹ́, yálà ẹrù wà tàbí kò sí. Láti rí iye náà, awakọ̀ yóò di ẹrù kọjá agbára ọkọ̀, yóò rin òru, yóò fi àyípadà bírékì sí ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Bí a bá tọpa jàǹbá bọ́lẹ̀kájà padà sẹ́yìn dáadáa, ìwé gbèsè ni a ó bá nídìí púpọ̀ nínú wọn. A máa ń sọ pé eré àsápajúdé ni. Eré náà ní ẹni tí ó rán an níṣẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ awakọ̀ tuntun kò ju ọ̀kan lọ: “Bàbá, ṣé ọkọ̀ yìí ti san ara rẹ̀ tán?” Ó ṣòro fún ọmọdé láti bi àgbà léèrè bẹ́ẹ̀, pàápàá ní Ọ̀yọ́ tí a ti ń dọ̀bálẹ̀ kí a tó gbẹ́nu sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ni yóò bá a béèrè: ọ̀gá tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, tàbí onídùúró rẹ̀. Lójú tèmi, ọlọ́kọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ti wa ọkọ̀ rí sàn fún ẹni tuntun ju olówó tí kò mọ bírékì yàtọ̀ sí kílọ́ọ̀ṣì lọ, ìbáà jẹ́ pé ti olówó pọ̀ jù. Ẹni tí ó ti sùn sábẹ́ ọkọ̀ nínú òjò rí mọ ìgbà tí awakọ̀ ń purọ́ àti ìgbà tí kò purọ́.

Bí ọkọ̀ bá sì bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ń kọ owó àtúnṣe sí awakọ̀ lọ́rùn. Kò lè lọ títí yóò fi san án, kò sì lè san án tán nítorí pé òmíràn yóò tún bàjẹ́. Samuel Johnson, tí ó jẹ́ àlùfáà ní Ọ̀yọ́, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé ìwọ̀fà fún wa: iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé owó, gbèsè gan-an kò dín. Mo mọ̀ pé àfiwé kì í pé. Ìwọ̀fà ní àkókò tirẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ olówó, ìdílé rẹ̀ sì mọ iye tí a fi yá a. Awakọ̀ tí mo ń sọ kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹgbẹ́ kò tètè gbà á. Ní àwọn ọdún 1930 tí ìjọba ń gbé owó-orí lé ọkọ̀ akẹ́rù kí rélùwéè má baà pàdánù, ẹgbẹ́ àwọn onímọ́tò dìde jà, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì wà lára àwọn tí ó ṣáájú wọn gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ìjà rere ni, ṣùgbọ́n ìjà ọlọ́kọ̀ ni. Ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́ wà nínú ẹgbẹ́ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbà tí ìjọba tún àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tò ní 1978 ni N.U.R.T.W. tó dá dúró fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀, tí àwọn ọlọ́kọ̀ sì ní ẹgbẹ́ tiwọn.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún títì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, àgbà awakọ̀ àti ọmọ àná di ẹgbẹ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni òfin fi kíkó ẹrù lójú títì sílẹ̀ fún ọmọ Nàìjíríà nìkan. Owó epo rọ̀bì dé, tírélà àti táńkà gba ipò gbẹ́gilódò àti bọ́lẹ̀kájà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Òfin iṣẹ́ ti 1974 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta. Awakọ̀ tí ó lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ hàn ní gárèèjì kò pọ̀.

Ọ̀gá tí awakọ̀ tuntun lè yàn ní ayé òde òní ti tóbi ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, NUPENG, da iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àwọn awakọ̀ tí ilé ìfọpo Dangote fẹ́ gbà fún ọkọ̀ akẹ́po tuntun rẹ̀: ẹgbẹ́ ní wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọ ẹgbẹ́, ilé-iṣẹ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù náà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé òṣìṣẹ́ tí ó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ lè wọ̀ ọ́. Kò pẹ́ tí àríyànjiyàn fi tún bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tí ìwé náà sọ.