Orúkọ Ìkookò Lára Ẹ̀dọ̀

Ní ọdún 1956, ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà, Ian Mackay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ àìsàn ẹ̀dọ̀ kan ní lupoid hepatitis, ìyẹn ẹ̀dọ̀ wíwú tó jọ lupus. Lupus fúnra rẹ̀, ìkookò ni ní èdè Látìn. Orúkọ náà kò tọ́, ṣùgbọ́n n kò lè bá wọn wí, torí ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ.

Kí ni wọ́n rí? Ní 1948, Malcolm Hargraves àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ti ṣàpèjúwe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan tó gbé kókó inú sẹ́ẹ̀lì mìíràn mì káló. Wọ́n pè é ní sẹ́ẹ̀lì LE, wọ́n sì gbà pé àmì lupus ni. Nínú lupus, ohun tó yẹ kó máa dáàbò bo ara ló ń bá ara jà. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ní 1955, àwọn dókítà ní Ọsirélíà rí sẹ́ẹ̀lì LE kan náà lára àwọn tí àìsàn ẹ̀dọ̀ ń bá jà fún ìgbà pípẹ́. Ta ni kò ní rò ó sí lupus?

Nígbà tó di 1965, Mackay fúnra rẹ̀ ti ń lo orúkọ mìíràn, autoimmune hepatitis. Jíìnì ló wá jẹ́ ká mọ ìdí tí àìsàn méjèèjì fi jọra. Ní 1972, Mackay àti Peter Morris rí i pé àwọn àmì kan tí à ń pè ní HLA wọ́pọ̀ lára àwọn alárùn ẹ̀dọ̀ yìí ju ara àwọn ẹlòmíràn lọ. HLA ni ara fi ń mọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àlejò. Orí chromosome 6 ni jíìnì rẹ̀ wà. Ọ̀kan nínú wọn, DR3, wọ́pọ̀ nínú lupus àti nínú àìsàn ẹ̀dọ̀ náà lára àwọn ará Yúróòpù. Jíìnì STAT4 tí wọ́n so mọ́ lupus ní 2007, àwọn olùwádìí ní Jàpáánì tún bá a nídìí àìsàn ẹ̀dọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, torí àǹtí mi ní lupus. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ lọ sílé ọkọ, àwọn kan sì ní kí ẹbí ọkọ wádìí ìdílé wa dáadáa. Àìmọye ènìyàn ló ní DR3 tí àìsàn kankan kò ṣe wọ́n títí ayé wọn, torí DR3 nìkan kò tó dá lupus sílẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún ìyá mi, òun ló sì kà á fún wọn. Ìgbéyàwó náà ṣì wà ní oṣù Kejìlá.