Kdump: ààyè tí Linux ń fi pamọ́ de ọjọ́ tí kernel bá dákú

Kernel ni ọkàn Linux, òun ló ń darí ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá láti ìsàlẹ̀. Bó bá dákú, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Èèyàn lè tan ẹ̀rọ náà padà o, àmọ́ ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì ti lọ, ó sì ṣòro láti mọ ohun tó fà á.

Ìdí rèé tí wọ́n fi fi kdump kún Linux 2.6.13 lọ́dún 2005. Kernel tó ti dákú kò ṣeé gbọ́kàn lé láti kọ bó ṣe ṣubú sílẹ̀. Kernel kejì ló ń bá a ṣe é. Bí wọ́n bá ṣe ń tan ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń yọ ààyè rẹ̀ sọ́tọ̀ nínú mẹ́mọ́rì, pẹ̀lú àṣẹ bíi crashkernel=256M. Bí ti àkọ́kọ́ bá ṣubú, èkejì á jí níbẹ̀ láìpa ẹ̀rọ, á rí mẹ́mọ́rì ti àkọ́kọ́ nínú /proc/vmcore, á sì kó o pamọ́, sínú /var/crash lọ́pọ̀ ìgbà.

Ìwọ̀n ààyè yìí ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Mẹ́gábáìtì 256 yẹn kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn, ó sì máa ń dunni lórí sáfà kékeré. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣahun jù, mẹ́mọ́rì á tán mọ́ kernel kejì lọ́wọ́, òun náà á kú, ẹ̀rí á sì ṣòfò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tó wà nílẹ̀ á wo /sys/kernel/kexec_crash_size. Bó bá jẹ́ 0, kò sí ààyè kankan níbẹ̀.