Kò Sí Fìlà, Kò Sí Eré: Bí Ọsirélíà Ṣe Kọ́ Àwọn Ọmọ Wọn Láti Yẹra fún Oòrùn

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn tòní, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣojú mi.

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ àfín kan wà ní kíláàsì wa. Ó máa ń dé fìlà wá sílé ìwé. Ṣùgbọ́n tí a bá ti tò sí àsẹ́ńbílì, tíṣà á ní kó ṣí i, torí pé fìlà kò sí lára yunifọ́ọ̀mù. Á wá dúró sínú oòrùn, á máa ṣẹ́jú, á fi ọwọ́ bo iwájú orí. Àwa tó kù ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé orílẹ̀-èdè kan wà tí òfin ilé ìwé wọn yàtọ̀ pátápátá sí tiwa. Níbẹ̀, ọmọ tí kò bá dé fìlà ni kò ní ṣeré.

Ọsirélíà ni. Àwọn onílẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún dúdú dáadáa. Melanin, ìyẹn èròjà tó ń fún awọ ní àwọ̀ rẹ̀, pọ̀ lára wọn, ó sì ń dáàbò bò wọ́n. Ṣùgbọ́n láti 1788 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀dó síbẹ̀. Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti wá, awọ wọn funfun, oòrùn ibẹ̀ sì le ju tilé wọn lọ. Nígbà tó yá, ó tún di fáàrí kí oòrùn yí awọ èèyàn padà. Tọkùnrin tobìnrin ń fi òróró para, wọ́n ń sùn gbalaja sí etíkun. Kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Títí dòní, ó kéré tán, méjì nínú mẹ́ta àwọn ará Ọsirélíà ni wọ́n máa bá jẹjẹrẹ awọ lára wọn kí wọ́n tó pé 70 ọdún.

Ní 1981, àjọ tó ń gbógun ti jẹjẹrẹ ní ìpínlẹ̀ Victoria gbé ìpolówó kan sórí tẹlifíṣàn. Sid, ẹyẹ etíkun tí wọ́n yà bíi ti fíìmù ọmọdé, ń jó, ó ń kọrin: Slip! Slop! Slap! Ohun tó ń sọ kò ju mẹ́ta lọ: wọ ẹ̀wù, fi sunscreen para, dé fìlà. Tọmọdé tàgbà ló mọ orin yẹn sórí. Ní 1988, ètò ńlá tí wọ́n pè ní SunSmart gba iṣẹ́ náà. Ẹ gbọ́ ibi tí owó ti wá: láti inú owó orí sìgá.

Ilé ìwé ni iṣẹ́ náà ti rinlẹ̀ jù. Ìdí ni pé tí oòrùn bá jó ọmọ léraléra, ewu jẹjẹrẹ awọ máa ń pọ̀ sí i nígbà tó bá dàgbà. Ọ̀sán gan-an ni oòrùn sì máa ń mú jù, ìgbà yẹn náà sì ni àwọn ọmọ ń jáde lọ ṣeré. Torí náà, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ṣòfin: ọmọ tí kò bá ní fìlà, abẹ́ ibòji ni yóò jókòó sí. Fésì káàpù lásán kò tó, torí kò bo etí àti ọrùn. Fìlà tó fẹ̀ yí orí ká, irú akẹtẹ̀ tiwa, ni wọ́n fẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ ló ṣòro. Ọmọdé á dé fìlà, ṣùgbọ́n tó bá wọ sẹ́kọ́ńdírì, ó lè ní fìlà ń ba irun òun jẹ́. Àwọn mìíràn ń sanwó láti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sun awọ bí oòrùn. Clare Oliver, ọ̀dọ́bìnrin kan ní Melbourne, lo ẹ̀rọ yìí. Nígbà tí jẹjẹrẹ awọ mú un, ó jáde sí gbangba, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó kú ní 2007, ọmọ ọdún 26. Ikú rẹ̀ ta ìjọba jí. Nígbà tó fi máa di 2015, Victoria àti ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ mìíràn ti fòfin de òwò náà pátápátá.

Ṣé ìsapá wọn já sí nǹkan? Bẹ́ẹ̀ ni. Melanoma, jẹjẹrẹ awọ tó burú jù, ti ń dínkù láàárín àwọn tí kò tíì pé 40 ọdún níbẹ̀.

Ẹ lè ní, kí ló kàn wá? A ṣáà dúdú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn àfín ń kọ́? Ẹni Òrìṣà ni àwọn baba wa ń pè wọ́n, wọ́n ní Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń sọ pé iyọ̀ ló ń ba awọ wọn jẹ́. Kì í ṣe iyọ̀ o, oòrùn ni. Melanin wọn kò tó, jẹjẹrẹ awọ sì ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn láìtọ́jọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Nàìjíríà ti ní ìlànà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ wọn láti 2012, ṣùgbọ́n ìwé ìjọba kò lè dé fìlà fọ́mọ.

Sunscreen wọ́n. Fìlà kò wọ́n. Kí tíṣà gba ọmọ àfín láàyè láti dé akẹtẹ̀, kó wọ ẹ̀wù alápá gígùn, kó sì dúró sábẹ́ igi nígbà àsẹ́ńbílì, kò ná ilé ìwé ní kọ́bọ̀.

Mi ò mọ ibi tí ọmọ kíláàsì wa yẹn wà báyìí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá mọ tíṣà kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.