Báwo Ni Okùn Ajá Ṣe Gùn Tó?

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Ìsọlọ̀, iná ti lọ, òṣùpá ń ràn, mo sì ń pa àlọ́ fáwọn ọmọ mi: bí ìyàn ṣe mú, tí Ajá fi ìyá rẹ̀ pamọ́ sọ́run, tó ń fi okùn gòkè lọ jẹun. Àbíkẹ́yìn mi bá já lu ọ̀rọ̀ mi: “Bàámi, ṣé okùn náà kọjá òṣùpá? Báwo ló ṣe gùn tó?”

Mo ní, “Panu mọ́! Ṣé wọ́n ń bi àlọ́ nírú ìyẹn ni?”

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí mo ra ìwé àlòkù kan ní Òṣòdì, ojú sì tì mí. Jules Verne, ará Faransé, ló kọ ọ́ ní 1865. Àlọ́ lòun náà ń pa, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọmọ mi gan-an ló fi ṣe ìpìlẹ̀: báwo lòṣùpá ṣe jìnnà tó? Eré mélòó lèèyàn máa sá káyé má fà á padà? Ó ṣírò rẹ̀, ó ní kí wọ́n rọ àgbá ìbọn tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 900, kí wọ́n fi yin èèyàn 3 láti Florida l'Amẹ́ríkà. Nínú ìwé tó tẹ̀ lé e, òkun Pàsífíìkì ni wọ́n já bọ́ sí.

Àṣìṣe wà níbẹ̀ o! Irú ìbọn yẹn á lọ̀ wọ́n bí ata kí wọ́n tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Tsiolkovsky, olùkọ́ kan ní Rọ́ṣíà, ka Verne, ó rí ibi tó kù sí, ó sì kọ ọ́ ní 1903 pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ló lè gbé èèyàn lọ. Ní oṣù Keje 1969, èèyàn 3 gbéra ní Florida, àwọn 2 tẹ òṣùpá, gbogbo wọn sì padà bọ́ sí Pàsífíìkì. Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, Armstrong dárúkọ Verne létí gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa náà. Nígbà tí John Glenn yí ayé po ní 1962, Kánò wà lára ibi tí wọ́n ti ń tọpa ọkọ̀ rẹ̀. Ní 2003, NigeriaSat-1 tiwa gbéra láti Rọ́ṣíà.

Mo pe ọmọ mi, a jọ ṣírò. Òṣùpá tó 384,000 kìlómítà sí wa. Bí dánfó bá ń sáré 60 kìlómítà ní wákàtí kan, tí kò dúró, tí kò sí gósílóò Òṣòdì lọ́nà, á tó oṣù 9 kó tó débẹ̀.

Ọmọ ní, “Hẹ̀n-ẹ́n! Aboyún á ti bímọ nínú ọkọ̀!”

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká máa pàlọ́, ṣùgbọ́n ká má pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Bó ṣe dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní: “Bàámi, ṣé ìyá Ajá nìkan ló di gbogbo okùn yẹn mú?”

Mo ní kó lọ mú ìwé àti gègé wá.